Bí Ìjàpá Ṣe Já Tíkẹ́ẹ̀tì fún Oru

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tí wọ́n fi í ṣe agbowó-orí ọjà Ìlú Ẹranko. Ẹ bá mi gbe orin nígbà tí orin bá dé o. Ẹni tí kò bá gbè é, Ìjàpá á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Ìlú Ẹranko ti lajú nígbà náà. Wọ́n ní iná mànàmáná, ìyẹn ni pé wọ́n ní òpó. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ lóríṣiríṣi. Kìnnìún ọba wọn ń kọ́ ààfin tuntun. Òrùlé ààfin kò tíì dé, owó òrùlé ti lọ. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n mu ẹmu, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn tún jókòó.

Ibẹ̀ ni Ìjàpá bá wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ (ìdọ̀bálẹ̀ kì í ná Ìjàpá ní ohunkóhun, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn), ó ní:

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ohun gbogbo tó ń wọ ọjà wa kò ju mẹ́ta lọ: èyí tó le, èyí tó ń ṣàn, èyí tó ń fò. Ẹ jẹ́ ká bu owó-orí lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgò ohun líle, náírà mẹ́wàá. Ìgò ohun ṣíṣàn, ogún náírà, torí ó ń ba ilẹ̀ ọjà jẹ́. Ìgò ohun tó ń fò, àádọ́ta náírà, torí kí ló dé tó fi ń fò bí kò bá ṣe pé ó fẹ́ sá fún owó-orí?"

Ọba ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀, Kábíyèsí? Ìdá kan nínú mẹ́ta péré. Ti epo ọkọ̀ ni."

Ìjàpá kò ní ọkọ̀.

Bàbá Erin, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, gbé ìbéèrè kan sílẹ̀. Ó ní bí ohun kan bá le lówùúrọ̀ tó wá ń ṣàn lọ́sàn-án ńkọ́? Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni nǹkan jẹ́. Ìwé ni yóò sọ." Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Òfin jáde lọ́jọ́ kejì, àárín oṣù ọyẹ́ gan-an.

Ìjàpá kò ṣèèṣì yan ọyẹ́. Ẹni tó bá ti gbé Ṣakí tàbí Ọ̀yọ́ lásìkò ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ: afẹ́fẹ́ á ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ìdájí á mú débi tí ètè á fi là, nígbà tó bá sì di ọ̀sán, èèyàn á máa wá ibòji kiri. Láti ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius sí ìwọ̀n 33, láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹrù kan, àsìkò rẹ̀ rèé.

Alákàn ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́. Ó ti kó òróró àgbọn wá láti Àgbádárìgì, ó bù ú sínú àwo fífẹ̀. Òróró àgbọn kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó ìwọ̀n 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ní ìdájí ọyẹ́, ó ti dì, ó funfun, ṣíbí kò wọ̀ ọ́. Ìjàpá fi ìka kàn án, kó, kó, kó. "Líle." Ó já tíkẹ́ẹ̀tì pupa. Alákàn san. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Ìjàpá tún dé. Òróró ti mọ́ gaara nínú àwo, ó ń mì légbelègbe. "Ṣíṣàn." Ó já tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé.

"Alàgbà, òróró tí mo sanwó rẹ̀ lówùúrọ̀ mà ni!"

"Èyí tí ẹ sanwó rẹ̀ le. Mo kàn án, gbogbo ọjà gbọ́. Èyí ń ṣàn. Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ pààrọ̀ ẹrù mọ́ ìjọba lọ́wọ́?"

Lóru, òróró tún dì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá tún kàn án. Alákàn jókòó ti àwo rẹ̀, ó ń sunkún níwájú òkúta kan, abẹ́ òkúta yẹn ni Ìrẹ̀ ń gbé. Ìrẹ̀ yọ orí síta, ó gbá ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó gbórin. Orin náà lọ́ra, torí òtútù wọ̀ ọ́ lára:

Lílé: Ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ mú o
Ègbè: Rẹ́rẹ́ ìrẹ̀, rẹ́rẹ́
Lílé: Òróró Alákàn sùn fọnfọn
Ègbè: Rẹ́rẹ́ ìrẹ̀, rẹ́rẹ́
Lílé: Ó sùn ni, kò pààrọ̀ orúkọ
Ègbè: Rẹ́rẹ́ ìrẹ̀, rẹ́rẹ́
Lílé: Ooru ni yóò jí i o
Ègbè: Rẹ́rẹ́ ìrẹ̀, rẹ́rẹ́

Lọ́sàn-án, Ìrẹ̀ tún kọ ọ́, ẹ bá mi yára gbè é:

Lílé: Oòrùn là!
Ègbè: Rẹ́rẹ́!
Lílé: Òróró jí!
Ègbè: Rẹ́rẹ́!
Lílé: Ọ̀kan náà ni!
Ègbè: Rẹ́rẹ́!
Lílé: Ta ló gbowó méjì?
Ègbè: Rẹ́rẹ́rẹ́rẹ́rẹ́!

Ìrẹ̀ kì í mọ̀ọ́mọ̀ sáré orin. Ara rẹ̀ kò ní ooru tirẹ̀. Bí ayé bá ṣe gbóná tó ni iṣan rẹ̀ ń yára tó. Ní 1897, Amos Dolbear, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn lè ka igbe ìrẹ̀ kó sì fi mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo ìrẹ̀ ló péye tó bẹ́ẹ̀. Ti inú àlọ́ péye.

Ìjàpá gbọ́ orin náà. Ó ní ariwo ni, ariwo kò sí nínú òfin, ó kọjá.

Ó kan ìsọ̀ Òkété, ẹni tó ń ta epo pupa. Níbẹ̀ ni ìwé ti dàrú mọ́ ọn lójú. Ó yọjú wo inú kèrègbè: òkè ń dán, ó ń ṣàn, ìsàlẹ̀ ti ki, ó ṣe pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ó dúró, ó retí kí gbogbo rẹ̀ fẹnu kò síbì kan, kò fẹnu kò. Epo pupa kì í ṣe ẹnì kan, agbo ilé ni. Ọ̀rá oríṣiríṣi ló kóra jọ sínú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n ooru tirẹ̀: àwọn kan ti yọ́ kí àkùkọ tó kọ, àwọn kan kò ní mira títí ìyálẹ̀ta. Omi tó mọ́ ní ojú ààlà kan ṣoṣo tó ń gbà di yìnyín. Epo ní ojú ààlà rẹpẹtẹ. Ìjàpá já tíkẹ́ẹ̀tì pupa fún ìsàlẹ̀, ó já aláwọ̀ ewé fún òkè, ó wá bu náírà márùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn fún àìlèpinnu.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, torí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Pẹ́pẹ́yẹ ní fíríìsà, kò ní iná. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń sọ omi di yìnyín, ó sì máa ń fi ìyẹ̀ igi tí ayùn gé dànù bò ó kí ooru má baà tètè rí i. Ọgbọ́n àtijọ́ ni pé kí á bo yìnyín. Ní 1833, Frederic Tudor ará Boston kó yìnyín adágún dé Calcutta, oṣù mẹ́rin lórí òkun, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì le gbagidi nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún un lójú ọ̀nà.

Ìjàpá rí àfọ́kù ìgò nílẹ̀. "Ta ló fọ́ èyí?"

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Omi ló fọ́ ọ, Alàgbà. Mo rọ ìgò kún dẹ́nu, mo gbàgbé ẹ̀ sínú fíríìsà. Omi máa ń wú tó bá ń dì."

"Ó ń wú tó báwo?"

"Omi ìgò mọ́kànlá á di yìnyín bí ìgò méjìlá."

Ojú Ìjàpá là. "Ìgò kan lé! Èrè nìyẹn. Ta ló fún un yín láṣẹ láti máa jèrè lórí òtútù?" Ó kọ owó-orí èrè sílẹ̀. Alákàn gbọ́ lókèèrè, ó sáré dé. Ó ní òróró tòun kì í wú ní tirẹ̀, ńṣe ló ń sún kì tó bá dì, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá díẹ̀ padà fún òun. Ìjàpá ṣí ìwé, ó tún un ṣí, ó ní àdánù kò sí nínú òfin.

Ó wá ku kí yìnyín di omi kó lè gba ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ìjàpá gbé abọ́ yìnyín kúrò lábẹ́ ìyẹ̀ igi, ó gbé e sójú oòrùn, ó jókòó tì í. Ó ti ọwọ́ bọ omi tó ti yí yìnyín ká: ó tutù wọ eegun. Ó dúró. Oòrùn ń ràn, ẹ̀yìn Ìjàpá gbóná débi tí eṣinṣin kò lè bà á. Ó tún ti ọwọ́ bọ abọ́: òtútù ti àkọ́kọ́ gan-an, kò dín, kò lé. Ó ń dúró, ó ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, nǹkan kan náà ló ń bá. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú omi tí wọ́n sì pò pọ̀ dáadáa, omi náà kì í kúrò lórí 0. Gbogbo ooru tó bá wọlé, iṣẹ́ títú yìnyín palẹ̀ ló ń lọ, kò sí èyí tó kù tí yóò mú omi gbóná. Iṣẹ́ yẹn kò sì kéré: ooru tó máa yọ́ yìnyín kílò kan tán tó láti gbé omi kílò kan láti 0 dé 80.

Èyí ni Ìjàpá kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé oòrùn ń kó nǹkan wọlé láti ìyálẹ̀ta, kò sì hàn lára ẹni tó ń gbà á. Ó ti rí irú rẹ̀ rí, láwọn ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ó fa pẹ́ẹ̀nì yọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé: *Ooru wọlé. A kò rí i nínú àpótí. Yìnyín yìí ní ọ̀gá kan lókè.*

Nílé alágbẹ̀dẹ, wọn kò bá a jiyàn rárá. Àkókó ni alágbẹ̀dẹ Ìlú Ẹranko. Ẹni tó ti ń fi ẹnu kan igi látàárọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ní bẹ̀rù òòlù. Ìjàpá wọlé, ó ní, "Irin le, irin á máa le títí, ẹ wá sanwó, ká má fi tàkúrọ̀sọ ṣòfò." Àkókó kò fèsì. Ó ti fi ìda oyin mọ ère kékeré kan, ère náà ní ìkarahun lẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ sì kúrú, ó jọ ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀. Ó fi amọ̀ bò ó, ó dá ihò kan sí i, ó gbé e síná. Kí ooru tó dé ìwọ̀n 70, ìda ti yọ́, ó tú jáde lójú ihò, ó ku amọ̀ tó ṣófo nínú. Ó fẹ ẹwìrì. Òjé tó wà nínú ṣíbí irin lẹ́bàá iná yọ́ ní 327. Ìkòkò bàbà kò tíì mira. Ó fẹ ẹwìrì títí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ fi fẹ́ já. Ní 1,085 ni bàbà tó gbà, ó pọ́n, ó ń yọ́, Àkókó dà á sínú amọ̀ tí ìda ti fi sílẹ̀. Bí àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ń da orí ọba wọn nìyẹn, kí ọkọ̀ Òyìnbó tó dé etíkun wa. Ẹmú irin tó fi di ìkòkò náà mú kò yọ́ o, torí irin ń retí 1,538.

Ó fọ́ amọ̀, Ìjàpá bàbà bọ́ sílẹ̀.

Àkókó ní, "Alàgbà, àwọn nǹkan tí ẹ̀ ń kàn tí ẹ ní wọ́n le yìí, iná wọn ni kò tíì dé. Àfi igi o. Igi kì í yọ́, jíjó ló ń jó."

"Tí iná wọn bá dé, ẹ ránṣẹ́ pè mí," Ìjàpá ní, ó já tíkẹ́ẹ̀tì pupa, ó já tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó sì gbé ère náà sápò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Báyìí ni owó fi ń wọlé, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì funfun, ti ohun tó ń fò, kò tíì já ẹyọ kan. Ó ń dùn ún. Àádọ́ta náírà lórí ìgò! Ó ń rìn lọ, ó ń ronú, ó gba iwájú ilé Ewúrẹ́, Ìyá Ẹlẹ́kọ, kọjá. Ìkòkò ń hó lórí ààrò, ìdérí ń jó, oru ń rú lọ sókè. Ìjàpá dúró.

Ajá, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ajá kàwé, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹni tó kàwé panu mọ́. Ìjàpá bi í pé omi ìgò kan, tó bá di oru tán, ìgò mélòó ni? Ajá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó máa gba àyè bí ìgò 1,700."

Ìjàpá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ìjàpá wọlé. "Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgò omi mélòó lẹ ti fi ṣòfò látàárọ̀?"

"Kò ju ẹyọ kan lọ tó gbẹ lórí iná, ọmọ mi."

"Ìgò 1,700 nìyẹn, ní àádọ́ta náírà. Owó yín jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún náírà."

Ewúrẹ́ jókòó sórí ìtì igi. "Gbogbo ẹ̀kọ inú ìkòkò yìí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!"

"N kò bu owó-orí lé ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ yín dára. Oru ni mo wá bá."

Wọ́n jiyàn títí. Ìjàpá ní ó ti wà nínú ìwé pé omi ń hó ní 100, pé ìlànà ni, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Ewúrẹ́ ní irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n òun ń gbé Jos, lókè níbi tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Omi tirẹ̀ ń hó ní bí 96, ẹ̀wà sì ń pẹ́ lórí iná rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ tó tẹ omi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ìjàpá ní ìpínlẹ̀ mìíràn nìyẹn, kò kan òun. (Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlànà ṣe ń rí: Anders Celsius ará Sweden, tó fa òṣùwọ̀n yẹn ní 1742, 100 ló pe ibi tí omi ti ń dì, 0 ló pe ibi tó ti ń hó. Àwọn mìíràn ló yí i padà lẹ́yìn rẹ̀. Omi kò gbọ́ pé wọ́n yí nǹkan kan padà.)

Ìjàpá ní òun á mú ẹ̀rí lọ sááfin. Ó da ìgò dorí kodò lójú oru, ó jẹ́ kó kún, ó fi kọ́ọ̀kì dí i pinpin. Nígbà tó dé iwájú Kábíyèsí tó ṣí i, afẹ́fẹ́ fà wọlé fìì, oru kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kán omi díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ìjàpá yí ìgò lọ, ó yí i bọ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ó ti sá. Omi ló fi dúró fún ara rẹ̀." Ọba ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ewúrẹ́ jẹ ìjọba ní ìgò 1,700. Ìwé gbà á.

Àwọn tí kò rí owó san, Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù wọn. Òfin ní ohun ṣíṣàn, inú kẹ́ẹ̀gì. Ohun líle, inú apẹ̀rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lówó lórí. Torí náà ìdájí ló máa ń lọ, nígbà tí ohun gbogbo ṣì dì. Ó kó òróró àgbọn Alákàn ní ògúlùtu, ogójì apẹ̀rẹ̀. Ó kó òrí Àgùntàn. Ó kó yìnyín Pẹ́pẹ́yẹ, òun náà sínú apẹ̀rẹ̀, torí ìwé ní ó le. Aláǹgbá ń ta káńfọ̀, ó kó àpò mẹ́ta. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ilé ìkẹ́rù tí wọ́n fi páánù bò, tí kò ní fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkarahun rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ọba pé kó wá wo ohun tí òfin bí.

Kìnnìún kì í tètè jí. Nígbà tó fi dé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, oòrùn ti wà lórí páánù láti ìyálẹ̀ta. Ìrẹ̀ wà lórí ògiri, orin rẹ̀ ti yára débi tí kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́:

Lílé: Páánù gbóná!
Ègbè: Rẹ́rẹ́rẹ́!
Lílé: Apẹ̀rẹ̀ jò!
Ègbè: Rẹ́rẹ́rẹ́!
Lílé: Ìwé ò jò!
Ègbè: Rẹ́rẹ́rẹ́!
Lílé: Ẹ ṣílẹ̀kùn!
Ègbè: Rẹ́rẹ́rẹ́rẹ́rẹ́!

Ìjàpá ṣílẹ̀kùn. Òróró, òrí àti omi yìnyín jọ tú jáde pọ̀. Bàbá Erin ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó ṣubú. Igbá kejì alága ṣubú lé e. Akápò ṣubú lé igbá kejì. Gbogbo ìgbìmọ̀ ṣubú bí ipò wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, Ajá akọ̀wé ló sì kẹ́yìn, torí pé ó ń kọ orúkọ àwọn tó ṣubú sílẹ̀.

Ọba wọlé díẹ̀díẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ogójì, òfìfo. Ó nawọ́ sí àpò káńfọ̀: èyí tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìkúnwọ́, òórùn rẹ̀ sì kún gbogbo ilé.

"Káńfọ̀ ńkọ́?"

"Ó fò lọ, Kábíyèsí."

"Ṣé ó kọ́kọ́ ṣàn kó tó fò?"

"Kò ṣàn. Láti líle ló ti fò tààrà."

"Kò gba ti tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé?"

"Kò gbà á, Kábíyèsí. Bí káńfọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn."

Kìnnìún jókòó. Ó ní kí Ajá ka ìwé ńlá. Ajá kà á: òróró líle, ogójì apẹ̀rẹ̀, òrí líle, yìnyín líle, káńfọ̀ líle, àpò mẹ́ta, oru, ìgò 1,700. Ọba ní, "Ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ tèmi. Níbo ló wà?"

Ìjàpá wá rojọ́. Ẹnu yà gbogbo ọjà, torí ọjọ́ yẹn ni Ìjàpá kọ́kọ́ sọ òtítọ́ látìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó ní kò sí ohun tó le láyé yìí láìjẹ́ pé òtútù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òróró àgbọn tó ṣàn lójú wọn yìí, tí ìdájí bá dé, kí wọ́n wá kàn án wò. Ó ní omi, yìnyín àti oru, ẹnì kan náà ni, ooru ló ń gbé e kiri. Ó ní afẹ́fẹ́ tí Kábíyèsí ń mí sínú pàápàá, tí òtútù bá lọ sí nǹkan bíi 196 nísàlẹ̀ 0, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á máa ṣàn bí omi kànga. Ó sọ ọ́ dáadáa. Alákàn pàtẹ́wọ́, kò mọ̀ọ́mọ̀.

Ọba ní, "Ó dáa. Ooru mélòó ló wà nígbà tí o kan òróró?"

Ìjàpá dákẹ́.

"Ajá, wo ìwé. Ó kọ ooru sílẹ̀?"

Ajá ṣí ìwé láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Kò kọ ọ́ sílẹ̀, Kábíyèsí. Ibì kan ṣoṣo tó ti dárúkọ ooru, ó ní ó sọnù."

"Ìwé ló ń sọ. Ìwọ lo kọ́ mi." Ọba dìde. "San owó òróró, òrí, yìnyín àti káńfọ̀. Ti oru, n kò fẹ́ owó. Gbé oru mi wá."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ Alákàn àti àwọn yòókù. Ìyẹn kì í sí nínú àlọ́.

Báyìí ni Ìjàpá ṣe padà sílé Ìyá Ẹlẹ́kọ, ìgò omi kan lọ́wọ́, ìgò òfìfo ní ẹrù lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Ewúrẹ́ kò bá a jà. Ó gbé ìkòkò fún un, ó ta ẹrù igi kan fún un, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ìjàpá dáná. Igi jó tán, omi hó, ìdérí ń jó.

"Ìyá, ẹ ṣeun. Ó ti parí."

"Kí ló parí? Híhó ló ń hó. Igi tó mú omi láti òtútù yìnyín dé híhó nìyẹn. Èyí tó máa gbé e lọ kù."

"Kò lè ju ẹrù kan lọ."

"Ẹrù márùn-ún àti díẹ̀. Ó máa wà lórí 100 bẹ́ẹ̀ náà títí yóò fi gbẹ, ẹ lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ẹ bá fẹ́. Ooru á máa wọlé, ẹ kò ní rí i nínú àpótí."

Ìjàpá ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà àti díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ki igi bọ ààrò. Èéfín bo gbogbo ilé, ó gba ojú òrùlé jáde, ó ń lọ sọ́nà ààfin.

Ewúrẹ́ wo èéfín náà. Ó wo Ìjàpá. "Ọmọ mi, èyí náà mà ń fò o. Ta ló ni ín?"

Ìjàpá wò ó títí ojú fi ń ta á. Ó fa ìwé ńlá yọ, ó fa pẹ́ẹ̀nì yọ, ó já tíkẹ́ẹ̀tì funfun kan fún ara rẹ̀. Ó ka owó rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sápò.